Kòkòrò Tó Ń Jẹ Obì

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n dá ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò ju yẹtí kékeré tí kò tó hóró ìrẹsì. Ìyá tó ń ṣètò ìjókòó na ìka sí i létí, ó ní, "Ẹran ara nìyẹn! Bọ́ ọ kó o tó wọlé." Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n, ọ̀kan já bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá a kiri nínú yanrìn. Ó dùn mí wọra.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ẹ̀yìn obì á máa dán, inú á ti di ìyẹ̀fun.

Ta ló sọ fún wa pé etí ni ẹran ara ń gbé? Ẹ ṣí Gálátíà orí 5, ẹsẹ 19 sí 21. Nínú Bíbélì wa àtijọ́, ohun 17 ni Pọ́ọ̀lù kà sílẹ̀ ní iṣẹ́ ti ara. Panṣágà àti àgbèrè ló fi bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni, ibẹ̀ la sì máa ń kà á mọ. Ẹ kà á síwájú: ìríra, ìjà, ìlara, ìbínú, asọ̀, ìṣọ̀tẹ̀, àdámọ̀, àrankàn. Mẹ́jọ gbáko tó jẹ mọ́ ìkórìíra àti ìjà! Àwọn ará Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù ní wọ́n jẹ́ ti ara síbẹ̀ ńkọ́? Owú àti ìjà ló rí láàrin wọn: èyí ní ti Pọ́ọ̀lù lòun, èyí ní ti Àpólò, oníwàásù mìíràn, lòun.

Ara tí Ọlọ́run mọ kọ́ ni ọ̀tá. Bó bá jẹ́ ọ̀tá ni, Ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn Jésù, ì bá má di ara, kó máa bá wa gbé. Ọkàn tó kẹ̀yìn sí Ọlọ́run, tó fẹ́ máa ṣe tinú ara rẹ̀, ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí.

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Nínú ìjọ kan náà yìí, ìyá méjì wà tí wọn ò kí ara wọn láti ọdún mẹ́ta, nítorí owó aṣọ ẹgbẹ́. Bí ọ̀kan bá kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún láti gba Oúnjẹ Olúwa, èkejì á bọ́ sápá òsì. Gbogbo wa la mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló sì dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, tó ń na ìka sí etí ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá wa, ẹ ti bọ́ yẹtí ọmọ. Ìgbà wo lẹ máa bọ́ kèéta? Ilé onítọ̀hún ò ju ojúlé mẹ́rin sí tiyín. Ẹ gbéra, ẹ lọ kí i. Ẹ̀yin alàgbà, ẹ bá wọn lọ, ẹ yéé dijú! Kí ẹnì kan nínú yín sì wá ọmọ yẹn lọ sílé, torí kò wá sí ìsìn mọ́ látọjọ́ náà.