Mo Ń Lọ O!

Ní ọjà Bódìjà, ọgbọ́n ìnájà tí mo mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Alátà á dá iye tó wù ú, èmi á dá ìdajì rẹ̀, á bú mi díẹ̀, màá kọ ẹ̀yìn sí i: "Mo ń lọ o!" Iṣẹ́ ń bẹ nínú ìrìn yẹn. Kò gbọdọ̀ yá jù, kò sì gbọdọ̀ falẹ̀. Tó bá fi máa di ìṣísẹ̀ keje, wàá gbọ́: "Bọ̀dá, ẹ wá! Ẹ mówó wá!" Ó mọ̀ pé alátà ẹ̀gbẹ́ òun ti ń nawọ́ sí mi.

Bí mo ṣe gbé ọgbọ́n yìí dé Brampton, ní Kánádà, nìyẹn. Sátidé tó kọjá, tàtàṣé mẹ́ta, dọ́là mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Ṣé tàtàṣé ni àbí iyùn? Mo kọ́kọ́ rọra ń já igi orí wọn kí wọ́n má bàa wọn igi mọ́ ata fún mi. Ọmọkùnrin tó ń to ọsàn dúró, ó ń wò mí bí ẹni tó ń fárí fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ń lọ o!" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìṣísẹ̀ keje, kò sẹ́ni tó pè mí. Ìkẹwàá, kẹ́kẹ́ pa. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń so okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ bàtà náà ò lókùn. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí fúnra rẹ̀. Òun gan-an ní kí n máa lọ.

Mo fìbínú wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Orúkọ ọ̀tọ̀, ọ̀dà ọ̀tọ̀. Tàtàṣé ibẹ̀ fi sẹ́ǹtì mẹ́wàá dín, inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Obìnrin tó ń gbowó bi mí bóyá mo ní káàdì póìǹtì, èyí tí wọ́n fi ń ṣe èènì fún oníbàárà wọn. Mo ní ti ibi tí mo ti bínú kúrò ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n mú un wá. Ẹ̀rọ dún: píì!

Ó gbà á. Háà! Alátà kan náà ni, gèlè ló pààrọ̀.

Mi ò ní dárúkọ ẹni tí mo bá jà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ilé ọjà ọ̀hún ṣe rí. Ṣọ́ọ̀bù No Frills, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń jẹ́ Loblaw ló ni ín. Fortinos, Loblaw. T&T táwọn ará Ṣáínà ń lọ, Loblaw, láti 2009. FreshCo àti Farm Boy, ọmọ ìyá Sobeys. Food Basics, Metro ló ni ín. Àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdíje òwò sọ ní 2023 pé àwọn mẹ́ta yìí, Loblaw, Sobeys àti Metro, tajà tó lé ní bílíọ̀nù 100 dọ́là ní 2022, èrè wọn sì lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Wọ́n tún ní ìwé àdéhùn kan wà tó ń mú onílé ọjà ṣèlérí pé òun ò ní gba olóúnjẹ mìíràn láyè. Kí n má purọ́, ẹgbẹ́ alátà nílé náà ń ṣèpàdé lórí owó, àmọ́ ẹnì kan á ṣì yọ́ kẹ́lẹ́ bá ọ dín in.

Ti búrẹ́dì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní 2017, Loblaw àti ilé iṣẹ́ tó jẹ́ òbí rẹ̀, George Weston, fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé àwọn wà lára àwọn tó dìtẹ̀ gbówó búrẹ́dì lérí láti 2001 sí 2015. Loblaw ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá gba káàdì dọ́là 25. Èènì ọdún mẹ́rìnlá! Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gba tirẹ̀. Búrẹ́dì ló fi rà.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ màmá wa kan lọ, ọmọ Ìbàdàn, òun nìkan ló ń ta èlùbọ́ ládùúgbò. Mo ní kí wọ́n bá mi dín in. Wọ́n ní kò gbà. Inú mi dùn, a ti padà sílé! Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn: "Màmá, mo ń lọ o!"

"Ó dàbọ̀ o. Bá mi kí ìyàwó."

Mo ka ìṣísẹ̀ dé ogún kí n tó padà lọ sanwó.