Àtúnṣe: àkọsílẹ̀ aláìsàn kì í ṣe títú àṣírí

Ẹ sọ pé àkọsílẹ̀ tí ilé ìwòsàn ń kó jọ kò wúlò fún ohunkóhun ju títú àṣírí aláìsàn lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka tó lé ní 100 tí ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí kòkòrò àrùn ń gba ara rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kì bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá láti fi fún aláìsàn ní oògùn wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí èsì tí Dókítà Peter Pronovost àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006, iye àárín náà (èyí tó wà láàárín gbùngbùn bí a bá to iye gbogbo ẹ̀ka láti kékeré sí ńlá) jẹ́ àkóràn 2.7 fún 1,000 ọjọ́ tí rọ́bà fi wà lára. Láàárín oṣù mẹ́ta, iye àárín yìí di òdo. Wọn kò lo oògùn tuntun kankan: wọ́n ń fọ ọwọ́, wọ́n ń fi kẹ́míkà pa kòkòrò ara awọ, wọ́n ń yẹra fún kíki rọ́bà bọ iṣan abẹ́ ìtan, wọ́n sì ń yọ rọ́bà kúrò ní kété tí kò bá wúlò mọ́.

Lóòótọ́, kò sí ẹ̀ka mìíràn tí wọ́n fi ṣe ìfiwéra, nítorí náà n kò ní sọ pé ètò yìí nìkan ló fa gbogbo ìyàtọ̀ náà. Ìbẹ̀rù àṣírí pẹ̀lú kì í ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n iye àkóràn àti iye ọjọ́ ni ìṣirò yìí nílò, kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni.