Kì í ṣe epo ló máa kọ́kọ́ tán

Tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò láti Lọ́kọ́ja ń bọ̀ ní Kábà, kẹ́ ẹ tó dé Ọbájánà ẹnì kan á ti dá ọ̀rọ̀ epo sílẹ̀. Wọ́n á ní ìjọba ti ka epo rọ̀bì tó wà nílẹ̀ Nàìjíríà, ó tó bíi bílíọ̀nù 37 àgbá, ó ṣì máa gbé wa tó bíi 60 ọdún, ẹni tó jókòó síwájú á wá ní ẹ ò rí i, ọmọ ọmọ wa pàápàá á jẹ níbẹ̀, gbogbo mọ́tò á ṣe àmín. Àwa ò ní bá wọn ṣe àmín yẹn o.

60 ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó wo inú ilẹ̀ tó rí ọjọ́ tí epo máa tán níbẹ̀. Wọ́n kàn mú iye epo tí wọ́n gbà pé ó wà nílẹ̀, wọ́n fi iye tí wọ́n ń wà lọ́dún pín in, ó parí, ọmọ pámárì lè ṣe é. Iye tí à ń wà wá ń kọ́? Bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025 ní a máa wa mílíọ̀nù 2.06 àgbá lóòjọ́, àmọ́ àtiwa mílíọ̀nù kan ààbọ̀ gan-an, wàhálà ni, olè ń jí i, páìpù ń bẹ́, àwọn kànga ti gbó. Tó bá jẹ́ pé à ń wa iye tí bọ́jẹ́ẹ̀tì sọ lóòótọ́ ni, 60 ọdún á di bíi 50 lójú ẹsẹ̀. Àìríwà wa ló jẹ́ kí ọdún yẹn pọ̀. Bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ tó wá ń fọ́nnu pé garí òun ò tètè tán ni.

Ti gbogbo ayé náà, ìṣirò kan náà ni. Wọ́n ní ó tó tírílíọ̀nù 1.7 àgbá, ayé sì ń lo ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 lóòjọ́ (àgbá kan, bíi lítà 159), tẹ́ ẹ bá pín in, ó máa fún yín ní bíi ọdún 45 sí 50. Àmọ́ ní 1980 bíi ọdún 30 ni ìṣirò yìí ń mú jáde, 30 ọdún yẹn ti kọjá tipẹ́, epo ò tán. Ìdí ni pé epo tó mówó wọlé láti wà nìkan ni wọ́n ń kà. Tí owó epo bá gbówó lórí, èyí tí wọn ò kà tẹ́lẹ̀ á wọ inú ìwé, bíi yanrìn tí epo rin mọ́ tó wà ní Kánádà tí wọ́n kà wọlé ní ìparí 2002, tó jẹ́ pé lọ́wọ́ kan náà Kánádà kúrò ní bílíọ̀nù 5 ó di 180. Àwọn kan lára OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo, náà sọ iye tiwọn di ńlá láàárín 1980 sí 1990, ìgbà tó jẹ́ pé iye tó o bá ní nílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ máa fi pín iye tí kálukú lè tà, ẹ fúnra yín ẹ ro ìyókù. Fẹnẹsúélà wà lókè téńté pẹ̀lú bílíọ̀nù 300, ohun tí wọ́n ń wà lóòjọ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ, tebi ń pa aráàlú.

Onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ M. King Hubbert, Shell ló ń bá ṣiṣẹ́. Ní 1956 ló sọ pé epo Amẹ́ríkà máa dé òkè téńté ní bíi 1970, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. 1970 náà ló ṣẹ. Wọ́n ń yìn ín títí àwọn ará Amẹ́ríkà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi omi àti kẹ́míkà fọ́ àpáta kí epo inú ẹ̀ lè jáde, nígbà tó fi máa di 2018 wọ́n ti kọjá iye ti 1970. 1956 yẹn kan náà ni Shell rí epo ní Oloibiri, a bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sókè òkun ní 1958. Kó tó di 1980 kànga Oloibiri ti dákẹ́. Kò sẹ́ni tó padà wá fọ́ àpáta kankan níbẹ̀. Epo lè má tán láyé láéláé kó sì tán ní abúlé tìẹ, ohun tó ń bà wá lẹ́rù nìyẹn ju 60 ọdún wọn lọ.

Àwọn tó ń rà á wá ń kọ́? Ní 2024 àjọ IEA, tí àwọn tó ń ra epo dá sílẹ̀ ní 1974 lẹ́yìn tí àwọn Lárúbáwá ti dá epo dúró mọ́ wọn lọ́wọ́, sọ pé iye tí ayé ń lò máa dúró lójú kan nígbà tó bá fi máa di 2030. Lọ́dún yẹn kan náà OPEC, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń tà á, ní rárá o, á máa lọ sókè ni, á tó mílíọ̀nù 120 lóòjọ́ ní 2050. Kálukú ń sọ ibi tí àpò ẹ̀ wà. Àmọ́ ẹ wo Norway tóun fúnra ẹ̀ ń ta epo, nínú mọ́tò tuntun 10 tí wọ́n rà níbẹ̀ ní 2024, bíi 9 ló ń fi iná mànàmáná rìn, owó epo tiwọn wà nínú àpò kan tí wọn ò jẹ́ kí ìjọba fọwọ́ bọ̀ bó ṣe wù ú. Ṣáínà náà, bí ìdajì mọ́tò tuntun tí wọ́n ń rà ni wọ́n ń so mọ́ iná. Kò sígbà tí oníbàárà máa kọ lẹ́tà sí wa pé òun ò rà mọ́. Owó ẹ̀ ló kàn máa ń já wálẹ̀. 2025 yẹn náà, $75 ni bọ́jẹ́ẹ̀tì gbé àgbá kan lé, nígbà tí Éépírì fi máa parí ó ti wà nísàlẹ̀ $65, kò sì sí kànga kankan tó gbẹ lọ́jọ́ yẹn o.

Ó ti wá kàn wá báyìí. Ní 2022 ni wọ́n ka Kogi mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó ń wa epo, nítorí Ibaji tó wà ní ìlà oòrùn, owó ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin ní kí wọ́n máa yọ fún ibi tí epo ti jáde sì tọ́ sí ìpínlẹ̀ wa. Látìgbà náà làwọn kan nílẹ̀ Òkun, apá ìwọ̀ oòrùn Kogi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, ti ń bi wá pé tiwa dà, ṣé kò sí epo nísàlẹ̀ Mọ̀pà ni, ṣé wọ́n ń fi pamọ́ fún wa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi. Inú ilẹ̀ tí yanrìn àti amọ̀ ti to léra ní ipele ipele fún àìmọye ọdún ni epo máa ń wà, bíi ti Ibaji. Ilẹ̀ Yàgbà, Ìjùmú àti Kábà, àpáta líle ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ wo àwọn òkè tó yí Kábà ká. Góòlù wà ní apá Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, òkúta tantalite wà, kajú wà, kọfí wà. Epo? Ẹ gbàgbé ẹ̀.

Kajú yẹn gan-an ló ń dùn wá jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, tútù báyìí ló ń lọ sí Fíẹ́tínámù àti Íńdíà, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, àwa á rà á padà nínú náílọ́ọ̀nù kékeré. Bá a ṣe ṣe epo rọ̀bì náà nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, a tà á, a wá ń fi dọ́là ra bẹntiróòlù, kí ilé ìfọpo ńlá ti Lẹ́kí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bẹntiróòlù jáde ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2024. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá ní Ìyàrà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní May 2023 nígbà tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà lọ sí òkè 500, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ọdún mélòó ló kù kí epo tán.

Ohun tí à ń sọ ò ju èyí lọ: owó ìdá 13 yìí ò gbọdọ̀ wọ inú owó oṣù, owó mọ́tò kọmíṣọ́nnà àti owó ìrìnàjò. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́kọ́ja ṣòfin sí i. Kí Ibaji kọ́kọ́ gba tiẹ̀ nítorí ilẹ̀ wọn ni, omi àti òróró ló máa dà sínú oko wọn tí nǹkan bá bàjẹ́, èyí ò yẹ kó dìjà rárá. Kí ìyókù lọ sí ohun tó ń mówó wọlé lẹ́yìn epo, títì oko tí kajú lè gbà jáde lójò, ibi tí wọ́n á ti máa pa á níbí, sólà fún bọ́họ̀ọ̀lù kí abúlé má máa wá dísẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó mu omi. Àwọn kan á ní owó ọ̀hún kéré, kí la fẹ́ fi ṣòfin sí. Ìgbà tó kéré gan-an ló yẹ ká ṣòfin sí i, tó bá pọ̀ tán, ta ló máa gbà?

Kí wọ́n sì máa sọ iye tó wọlé lóṣooṣù àti ibi tó lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ti àkọ́kọ́ jáde, ojú ewé kìíní ìwé ìròyìn yìí la máa tẹ̀ ẹ́ sí, ọ̀fẹ́.