AK-47 nínú fíìmù ogun Tápà: ṣé ọ̀rọ̀ kékeré ni?

Ọmọ Kábà: Mo wo fíìmù tuntun kan lórí bí àwọn Tápà ṣe gbógun ja ilẹ̀ Okun, àwa Yorùbá agbègbè Kábà, láyé àwọn baba wa. Aṣọ dára, ẹṣin dára. Àfi bí jagunjagun kan ṣe yọ sí ẹnu odi ìlú pẹ̀lú AK-47 tí wọ́n fi màrìwò wé! Ìbọn tí Kalashnikov ṣe ní 1947! Inú bí mi gan-an.

Adéọlá Ìsánlú: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Owó ni kò sí. Ẹkún àwọn ìyá tí wọ́n ń kó lẹ́rú lọ ni èmi ń wò, n ò ráyè ìbọn. Ẹ jẹ́ ká yin ẹni tó gbìyànjú.

Ọmọ Kábà: Àbúrò, mo yìn ín. Ṣùgbọ́n ìbọn ló jẹ́ ká mọ bí ogun náà ṣe rí. Ẹni tó mú ṣakabùlà dání á da ètù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá kì í, á ju ọta sí i, á tún kì í, á wá bu ètù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ihò iná kó tó fà á. Kó tó ṣe gbogbo ìyẹn tán, ẹlẹ́ṣin ti dé ọrùn rẹ̀. Abájọ tí àwọn baba wa fi ń sá gun òkè. Bí wọ́n bá ní ìbọn tó ń dà ọta bí òjò, kí ni wọ́n ń wá lórí òkè? Ẹkún àwọn ìyá yẹn gan-an kò ní ìdí mọ́.

Tísà Ìtàn: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má ro pé ṣakabùlà nìkan ló wà nígbà náà. Snider, tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, ti dé ọwọ́ àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì láti 1866, àwọn Yorùbá náà sì lo irú rẹ̀ nínú ogun Kírìjì. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ń dà á bí òjò ni Maxim. Ní January 1897, Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, kó ọmọ ogun láti Lọ́kọ́ja wá sí Kábà, àwọn Tápà sì ti kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Àwọn ọmọ ogun Company náà wá forí lé Bídà, olú ìlú Tápà, Maxim àti àgbá ni wọ́n fi ṣẹ́gun níbẹ̀ lọ́jọ́ 26 sí 27 oṣù náà.

Adéọlá Ìsánlú: Ó yé mi wàyí, sà. Níbo ni olówó táṣẹ́rẹ́ á ti rí ṣakabùlà? Ọ̀kan wà nílé wa, wọ́n ní ti bàbá bàbá mi tó ja ogun yẹn ni. Ṣé kí n yá wọn?

Ọdẹ Yàgbà: Ọmọ mi, má dán an wò! Ètù lè wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣakabùlà pàápàá sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ nínú òfin Nàìjíríà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé kiri. Kí wọ́n lọ bá alágbẹ̀dẹ, kó rọ èyí tí kò ní ihò iná, tí ọ̀pá rẹ̀ dí pa. Ojú á rí ìbọn, kò sì ní lè pa ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sì má gbàgbé èéfín: ètù máa ń rú funfun, á bo ẹni tó yìn ín mọ́lẹ̀.

Ọmọ Kábà: Bàbá, ẹ ṣeun. Àwọn kan ti ń ta ṣakabùlà fún àwọn tó ń kó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé jọ, wọ́n á ní ti ogun Tápà ni.

Ọdẹ Yàgbà: Púpọ̀ nínú wọn, irin sítíárì mọ́tò ni ọ̀pá rẹ̀. Mọ́tò wo ló wà láyé ogun Tápà? Adéọlá, ní kí ọdẹ kan nínú ẹbí yín yẹ tiyín wò bóyá ètù wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ níbi tí òòlù wà. Bí ẹnu òòlù náà bá là bí ẹnu ẹ̀mú, tí àyè òkúta tí wọ́n fi ń ṣáná sí ètù wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ ti àtijọ́ lóòótọ́. Fi í ránṣẹ́, ká jọ wò ó.