Wáyà kọ́ ló ń jóná nínú vape yín

Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, mò ń retí kó kàn mí. Ẹ̀gbọ́n kan fa vape wọn (sìgá oníná mànàmáná tó ń sọ omi tí à ń pè ní jùúsì di èéfín) lẹ́ẹ̀kan péré, ikọ́ gbé wọn. Wọ́n ní, "Kọ́ìlì yìí ti jóná!" (Kọ́ìlì ni wáyà wíwé tó ń gbóná nínú vape; òwú tó ń fa jùúsì wà nínú rẹ̀.) Onígbàjámọ̀ ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn tó fi dá wọn lóhùn: "Wáàtì lẹ gbé sókè jù, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má kọjá iye tí wọ́n kọ sí kọ́ìlì lára, kò lè jóná láéláé." (Wáàtì ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára iná tó ń lọ sí kọ́ìlì.) Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ní òótọ́ ni.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025 tí ìjọba Bìrìtéènì ti fòfin de vape àlòsọnù, tí àwọn èèyàn sì bọ́ sórí èyí tí à ń rọ jùúsì sí, kò sí ibi tí mo dé tí n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti sú mi.

Ṣé wáyà ni wọ́n ní ó jóná? Kanthal wà lára wáyà tó wọ́pọ̀ jù nínú kọ́ìlì. Irin, chromium àti aluminium ni wọ́n pò pọ̀ ṣe é, ooru rẹ̀ á sì tó nǹkan bí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́. Òun ni wọ́n ń fi sínú ààrò oníná mànàmáná tí wọ́n fi ń sun ìkòkò amọ̀. Èmi tí mò ń wé kọ́ìlì fúnra mi, bí mo bá fẹ́ fọ̀ ọ́, màá yọ òwú kúrò, màá tan wáyà lásán títí á fi pọ́n bí ẹ̀yín iná. Tó bá tutù, mo ti òwú tuntun bọ̀ ọ́, iṣẹ́ ń lọ. Wáyà tó jóná dà?

Òwú ló ń jóná. Òwú gbígbẹ ò lè fara da ooru tó bá fi díẹ̀ kọjá 200. Á pọ́n, á dúdú, ọ̀fun yín á sì mọ̀. Jùúsì ló ń dáàbò bò ó, torí bí jùúsì ṣe ń di èéfín ló ń gbé ooru lọ. Ẹni tó bá ti se ẹ̀wà rí yẹ kó mọ èyí. Bí omi bá ṣì wà nínú ìkòkò, iná tó wù kẹ́ ẹ dá sí i, ẹ̀wà ò ní jóná. Bí omi bá tán, iná kékeré tó o. (Iná kékeré yìí ló tilẹ̀ ń jó ẹ̀wà jù, torí ẹni tó ń sè é á ti lọ sùn.)

Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Portland State University, ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn rí formaldehyde, kẹ́míkà olóró, nínú èéfín vape nígbà tí àwọn gbé e sí 5 volt, àmọ́ àwọn ò rí i ní 3.3. Ariwo ta. Lọ́dún yẹn kan náà, Farsalinos, dókítà ará Gíríìsì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé oríṣi táǹkì méjì (ibi tí jùúsì àti kọ́ìlì wà nínú vape) fún àwọn méje tó ti pẹ́ nídìí vape. Ní wáàtì 9 àti 10, ọ̀kan gbẹ, ó korò lẹ́nu gbogbo wọn. Ìkejì ò ṣe nǹkan kan. Wáàtì kan náà o! Ibi tí òwú ti gbẹ ni formaldehyde ti pọ̀. (N ò ní kí ẹni tí kì í mu sìgá lọ bẹ̀rẹ̀ vape o.)

Èmi náà dán an wò. Kọ́ìlì tí wọ́n kọ wáàtì 40 sí 60 sí lára, n kò dúró kí òwú rẹ̀ rẹ, mo fà á ní 25. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo fà á, ó parí. Mo gbé irú rẹ̀ mìíràn, mo jẹ́ kí òwú mu jùúsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì lò ó ní 65 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tí mo wá da jùúsì tó ki bí oyin sí i, tí kì í tètè wọ òwú, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ní 50.

Àwọn kan á ní àwọn dín wáàtì kù, adùn sì padà. Ẹ ò tún kọ́ìlì kankan ṣe; ẹ kàn fún jùúsì láyè kó dé ni. Ó dáa, mo gbà: ẹni tó bá gbé kọ́ìlì 15 sórí 80, òwú ò ní ráyè fa jùúsì. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ wúlò dé ìyẹn.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ n wo vape wọn. 15 sí 20 ni wọ́n kọ sí kọ́ìlì lára. 18 ni wọ́n gbé e sí. Jùúsì inú táǹkì ti lọ sílẹ̀ ju ihò tí òwú ti ń fa jùúsì lọ. Mo fi han onígbàjámọ̀. Ó ní kí n bọ́ sórí àga, ó ti kàn mí.