Ojú ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ojú ẹ̀bi

Ẹ ti òde dé, ẹ bá ìrọ̀rí tó ti ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ nílẹ̀ pálọ̀. Ajá ti ki ìrù bọ abẹ́, ó lẹ etí mọ́ orí, ó ń fi ìdí ojú wò yín. Kò sẹ́ni tí kì í sọ ọ́: "Ẹ wò ó, ó mọ ohun tó ṣe!" Ojú lọ̀rọ̀ wà, a kúkú ń pa á lówe. Èmi náà ti fi ojú yẹn dá ajá lẹ́bi rí. Àṣìṣe ni mo ṣe.

Ajá kan wà tí ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1977. A máa fa ìwé ya bí kò bá sẹ́ni nílé, bó bá sì ti rí olówó rẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ á súnkì. Wọ́n wá ní kí olówó ajá fọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé sílẹ̀ níbi tí ajá ò ti rí i, kó jáde, kó sì padà wọlé. Ajá tí kò fi eyín kan ìwé kankan tún súnkì bó ṣe máa ń ṣe! Kò ju pé ó ti mọ̀ pé bí ìwé yíya bá wà nílẹ̀, tí olówó òun sì wọlé, ìjà dé nìyẹn.

Ní ọdún 2009, Alexandra Horowitz ti Barnard College ní New York fi ajá 14 wádìí ọ̀rọ̀ náà. Olówó ajá á fi oúnjẹ síwájú ajá, á ní kó má jẹ ẹ́, á sì jáde. Tó bá padà dé, wọ́n á sọ fún un bóyá ajá jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà, torí nígbà mìíràn irọ́ ni wọ́n ń pa fún un. Ajá tí kò jẹ nǹkan kan á sì jẹ ìbáwí. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, "ojú ẹ̀bi" kò pọ̀ lára àwọn tó jẹ oúnjẹ ju àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Ìgbà tí olówó wọn bá bá wọn wí ló ń pọ̀, ara àwọn aláìṣẹ̀ tí wọ́n bá wí ló sì ti hàn jù. Kò túmọ̀ sí pé ajá ò lè mọ ẹ̀bi o. Àmọ́ ojú yẹn ò lè jẹ́rìí sí i.

Kí ló wá fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún wa? Ẹni tó ń wo ajá ti mọ ìdáhùn kó tó wò ó.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Hans, ẹṣin Wilhelm von Osten ní Berlin, tó ń fi pátákò dáhùn ìṣirò. Ní 1904, ìgbìmọ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí màgòmágó kankan. Oskar Pfungst, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló wá ronú pé kí ẹni tó ń béèrè má mọ ìdáhùn. Bí olùbéèrè ò bá ti mọ̀ ọ́n, Hans náà ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹṣin ń wo orí olùbéèrè tó ń gbéra díẹ̀ bí iye náà bá ti pé. Von Osten fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ń ṣe é, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n káàánú rẹ̀.

Kódà, kò di dandan kí ẹranko máa wo ojú wa. Ní 1963, Robert Rosenthal àti Kermit Fode sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé eku àwọn kan gbọ́n, ti àwọn yòókù gọ̀. Eku lásán ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sọ fún pé eku tiwọn "gbọ́n" ló gba èsì tó dáa jù sílẹ̀.

Mo mọ èyí tẹ́ ẹ máa sọ: "Ajá tèmi máa ń ṣe ojú yẹn kí n tó rí ohun tó bàjẹ́." Ó ṣeé ṣe. Ẹ̀yin náà sì lè ti gbàgbé ọjọ́ tó ṣe ojú yẹn tí ẹ ò rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì ju owó ẹyọ sókè: bó bá bọ́ sí orí, kó fún ajá ní ohun tí ẹ ti kà léèwọ̀ fún un, bí kò bá bọ́ sí orí, kó má fún un. Kó má sọ fún yín. Ẹ wọlé, ẹ wo ojú ajá, ẹ kọ ohun tí ẹ rò sílẹ̀ kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 20, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ẹ gbà á.