Gbèsè J. C. Daniel ṣì wà lọ́rùn ìjọba Kerala

Láti 1992 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Kerala, ní gúúsù Íńdíà, ti ń fi ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ sinimá wọn dá àwọn àgbà lọ́lá. Orúkọ J. C. Daniel, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe fíìmù níbẹ̀, ni wọ́n fi sọ ẹ̀bùn náà. Nígbà tí Daniel fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè ńkọ́? Wọ́n fi owó ìrànwọ́ àwọn òṣèré tó ti darúgbó dù ú títí tó fi kú ní 1975. Òkú kò mọ iye à ń ra àgọ̀.

Ọkùnrin yìí ta ilẹ̀ rẹ̀ kó lè rí owó ṣe fíìmù. Ó lọ sí Madras àti Bombay lọ wo bí wọ́n ti ń ṣe é, ó sì dá ilé iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀ ní Trivandrum, tó jẹ́ olú ìlú Kerala lónìí, ní 1926. Òun ló kọ ìtàn fíìmù Vigathakumaran, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló tún kó ipa ọkùnrin tí ìtàn dá lé. Ibẹ̀ ni sinimá èdè Malayalam, èdè àwọn ará Kerala, ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ Malayalam kankan nínú rẹ̀, torí fíìmù aláìlóhùn ni.

P. K. Rosy ló fi ṣe obìnrin inú ìtàn. Dalit ni Rosy, àwọn tí ẹ̀yà tó ga kà sí aláìmọ́. Daniel sì ní kó ṣe ọmọ Nair, ìyẹn ọmọ ọlọ́lá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn Capitol, àwọn òǹwòran rí ọkùnrin inú ìtàn tó fẹnu ko òdòdó tó wà nínú irun Rosy. Inú bí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò lu aṣọ tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n dáná sun ilé Rosy, pé inú ọkọ̀ akẹ́rù ló bá sá lọ. Kò ṣe fíìmù mọ́ láéláé.

Daniel náà wọ gbèsè, ó ta àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, ó di oníṣègùn eyín. Nígbà tí akọ̀ròyìn Chelangat Gopalakrishnan gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé iwájú ìjọba, èsì tó gbà ni pé Agasteeswaram ni bàbá náà ń gbé, ìpínlẹ̀ Tamil Nadu sì ni ibẹ̀, kì í ṣe Kerala. Àwáwí gbáà nìyẹn! Abẹ́ ọba kan náà, ní ilẹ̀ Travancore, ni Agasteeswaram àti Trivandrum wà nígbà tó ṣe fíìmù. 1956 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ààlà sáàárín wọn.

Àwọn kan á ní ẹ̀bùn náà ti tó, pé ìjọba ti ronú pìwà dà. A kò gbà. Ẹ̀dà fíìmù náà kò sí mọ́, débi pé bí àwọn kan ti ń sọ pé 1928 ló jáde, làwọn mìíràn ń sọ pé 1930 ni. Ohun tó kù tí ìjọba lè tọ́jú ni òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń gbé ẹ̀bùn yìí fúnni, kí wọ́n sọ ọ́ sétí gbogbo èèyàn pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ Daniel dù ú àti àwáwí tí wọ́n fi bò ó, kí wọ́n sì dárúkọ Rosy mọ́ ọn. Kí wọ́n sì ṣe é lófin pé ibi tí òṣèré kan ṣiṣẹ́ sí ni wọn yóò máa wò fún owó àgbà, kì í ṣe ibi tó forí pamọ́ sí lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀.